Òòyà tí Mo Fi Tú Ojú Kámẹ́rà

Ní ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lọ́wọ́ òsì títì kí wọ́n bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, mo ti lo ọdún mẹ́ta nílé ọkọ ní Òkè-Baálẹ̀, ní Òṣogbo, mo sì ń fún àkọ́bí mi lọ́mú. Irun ni mo ń dì. Ọkọ mi ń ya fọ́tò. Ọmọ Iléṣà ni mí, ulé ni mo ṣì ń pe ilé nígbà náà, wọ́n a sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ní gbogbo agbo ilé. Bí mo bá ti ní mò ń lọ sí ulé, ẹnìkan á ní, "Ìyàwó, ulé ta ni?"

Kámẹ́rà méjì ni ọkọ mi ní. Ọ̀kan kéré, òun ló máa ń gbé rìnrìn àjò. Ìkejì ni àgbà. Onígi ni, ó dúró lórí ẹsẹ̀ mẹ́ta, ikùn rẹ̀ tó jẹ́ awọ sì ń nà, ó ń sún kì bí ewìrì alágbẹ̀dẹ. Idẹ ni wọ́n fi ṣe ojú rẹ̀, dígí wà níwájú, dígí wà lẹ́yìn. Ó ti wà nílé kí n tó dé, nítorí náà ìyálé mi ni mò ń pè é. Ohunkóhun tó bá ti ṣáájú ìyàwó wọlé, ó jù ú lọ. Mi ò kúnlẹ̀ kí i o, ṣùgbọ́n bí mo bá ń gbá ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń sọ pé, "Ìyálé mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbẹ́sẹ̀ díẹ̀." Ọkọ mi á máa rẹ́rìn-ín. Ohun kan ṣoṣo tí kò gbà kí n ṣe ni kí n wọ abẹ́ aṣọ dúdú tó máa ń fi borí nígbà tó bá fẹ́ ya èèyàn. Ó ní ibẹ̀ kì í ṣe ibi eré. Mo ní kò burú, ohun tí òun àti ìyálé mi bá ń bára wọn sọ lábẹ́ aṣọ kò kàn mí.

Ó wá di àkókò tí àwọn baba méje ní àdúgbò wa fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. Baba ọkọ mi wà nínú wọn. Wọ́n ti bá ọkọ mi sọ ọ́ pé lọ́jọ́ Jímọ̀, bí àwọn bá ti kírun tán, ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ń bọ̀ wá ya fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ páásípọ́ọ̀tù. Kámẹ́rà àgbà la fi ń ya irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Jímọ̀ yẹn, bàbá ọ̀rẹ́ ọkọ mi kú ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, ó sì ní láti lọ bá wọn ya òkú náà. Ọjọ́bọ̀ ló máa padà. Kó tó lọ, ó nu ojú kámẹ́rà àgbà, ó ń kùn.

Ó ní, "Ojú ìyálé rẹ yìí ti ń ṣe ìpin. Kò ríran kedere mọ́."

Ó gbé kékeré kọ́rùn, ó wọkọ̀, ó lọ.

Ìyá ọkọ mi gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Wọn ò jẹ́ kó tutù.

Wọ́n ní, "Ojú tó bá ń ṣe ìpin, kí la ń kán sí i?"

"Omi ọmú ni, Ìyá."

"Ta ló ń fún ọmọ lọ́mú nínú èmi àti ìwọ?"

Èmi náà ò jiyàn. Bí ojú bá ń dun ọmọ kan ní agbo ilé wa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá, bí mo bá sì ti kán an fún ọjọ́ méjì, ó tán. Ohun tí wọ́n ń pè ní ojú, tó ń ríran, tó wá ń ṣe ìpin, kí ló tún kù tí mo fẹ́ bèèrè? Mo kán an lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá ọkọ mi ní kí n kán sí ti ẹ̀yìn náà, pé àìsàn ojú kì í mú ẹyọ kan kó fi ìkejì sílẹ̀. Mo kán sí ti ẹ̀yìn. Mo fi aṣọ nù ún, ó ń dán. Inú àwa méjèèjì dùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta nìyẹn. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ Ajé, dígí náà ti funfun látinú. Omi ọmú ti gba etí òrùka idẹ wọlé, ó sì ti dì sáàárín dígí. Mo nu iwájú, mo nu ẹ̀yìn, ọwọ́ mi ò dé ibi tó wà. Ó tún wá ń rùn. Ìyá ọkọ mi gbóòórùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n rántí pé ara ẹ̀gbọ́n àwọn kò yá ní Ẹdẹ, wọ́n sì lọ kí i. Wọn ò padà títí Jímọ̀ fi kọjá.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí ọkọ mi dé. Bí kámẹ́rà yẹn kò bá ríran lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn baba méje yóò gba ọ̀dọ̀ onífọ́tò ìdí rélùwéè lọ, gbogbo Òkè-Baálẹ̀ yóò sì gbọ́ pé ìyàwó Ìjẹ̀ṣà ló fi ọmú fọ́ kámẹ́rà ọkọ rẹ̀ lójú. Ó dá mi lójú pé orin ni wọ́n máa fi kọ.

Baba aláago kan wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa. Dígí kékeré kan máa ń há sí ojú rẹ̀ ọ̀tún láti àárọ̀ títí di ìrun Làásárì, wọ́n ní ó tilẹ̀ ń gbàgbé rẹ̀ sójú bó bá ń jẹun. Mo yọ ojú idẹ náà lára kámẹ́rà, ìyẹn ò le, bí ìdérí ìgò ló ṣe ń yí. Mo wé e sínú gèlè, mo pọn ọmọ, ó di ọ̀dọ̀ baba aláago.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ìyàwó onífọ́tò. Báwo ni ulé?"

"Ulé wà, Bàbá. Ojú ìyálé mi ni kò yá."

Ó tú gèlè, ó gbé e súnmọ́ imú, ó tún gbé e jìnnà. "Kí ló ń rùn báyìí?"

Mo sọ fún un. Baba yọ dígí ojú rẹ̀ sílẹ̀ kó lè rí àyè rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sinmi, ó ní, "Àbí ẹ̀yin kọ́ ni wọ́n ń pòwe mọ́? Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko."

Mo ní, "Ẹni tó ní kí n kán an, ọmọ Òṣogbo ni, Bàbá."

"Ìyá ọkọ rẹ?"

"Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi tú u. Ó kọ̀. Ó ní aago lòun mọ̀, òun ò mọ ojú kámẹ́rà. "Bí mo bá tú u tí kò wọlé mọ́, ọkọ rẹ á ní èmi ni mo bà á jẹ́. Ìwọ ti bà á jẹ́ tẹ́lẹ̀, ìwọ ni kò sí ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà ọ́. Màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan irinṣẹ́. Àwọn tó kù, ọwọ́ tó ń di irun lè ṣe é."

Ó gbé àpótí pákó kan síwájú mi, irin kún inú rẹ̀, ó ní kí n mú èyí tó wù mí. Mo mú sukudíráfà kan tó tóbi, tó ń dán, tí èèkù rẹ̀ pupa.

"Ṣé mọ́tò lo fẹ́ tú ni?"

Mo dá a padà. Ó ní, "Súkúrù ló ń yan irin, kì í ṣe ìwọ. Ṣé o rí ilà tó wà lórí súkúrù yìí? Fi ẹnu irin sí i. Bó bá ń mì níbẹ̀, ó kéré. Bí etí rẹ̀ bá yọ síta, ó tóbi, yóò sì ha idẹ. Ó gbọ́dọ̀ kún ibẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣe ń kún bàtà tí wọ́n rán fún un."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí dán wọn wò. Ọmọ sùn lẹ́yìn mi, ó jí, ó tún sùn. Irin mọ́kànlá ni mo dán wò kí n tó rí mẹ́ta tó bá àwọn súkúrù náà mu. Mo fẹ́ mú sí i, ó ní mẹ́ta tó. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó kó ogún irin jọ, mẹ́tàdínlógún ni yóò máa wá kiri lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fi ẹ̀mú tín-ín-rín kan kún un, irú èyí tó fi ń gbé ohun tíńtìntín inú aago. Mo na ọwọ́ sí pláyà. Ó gbá ọwọ́ mi jẹ́jẹ́.

"Ìyẹn, ti ẹni tí sùúrù rẹ̀ ti tán ni. Ohun tó bá le, epo kẹrosíìnì ẹ̀kán kan, kí o lọ sùn, kí o padà wá."

Mo wá tọrọ dígí ojú rẹ̀. Òun ló wù mí jù, kí n má parọ́.

Ó ní, "Ṣé o lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láì jáde síta?"

"Mo lè fi bọ ọ́ nínú yàrá."

"Jẹ́ kí àgbà máa lo tàgbà nígbà náà. Ohun tí ojú rẹ lè ṣe, má wá irinṣẹ́ fún un."

Ó wá ku ohun kan. Òrùka idẹ tó di dígí mú kò ní súkúrù. Ihò kékeré méjì ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan lápá ìhín, ọ̀kan lápá ọ̀hún. Ohun ẹlẹ́nu méjì ló gbọ́dọ̀ wọ ihò méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà kí èèyàn tó lè yí i. Baba wá irin ẹlẹ́nu méjì kan jáde, ó fi sí i, ó yọ̀, ó sì fi ilà tín-ín-rín sára idẹ. Kíá ló gbé e kúrò.

"Irin sí idẹ, ìjà ni. Èyí tó máa bá a mu, mi ò ní i. Lọ wá a. Ọwọ́ òsì lo máa yí i sí láti tú u, ọwọ́ ọ̀tún láti dè é."

Mo ní, "Ìjọba ò tíì yí ìyẹn náà padà?"

"Wọn ò tíì dé orí súkúrù."

Nítorí àwọn irin tó fún mi, mo jókòó di irun ìyàwó rẹ̀ kékeré ní ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Mo ti yà á dé àárín orí nígbà tí mo wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Òòyà onígi. Eyín méjì ni mo ń wá, márùn-ún ló sì wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀. Mo mú ojú idẹ náà látinú gèlè, mo gbé òòyà lé e. Eyín ìbẹ̀rẹ̀ àti eyín ìgbẹ̀yìn bọ́ sórí ihò méjèèjì gẹ́lẹ́. Ìyàwó baba ní, "Ìyá ọmọ, irun mi ń kọ́?" Mo ní kó fara balẹ̀, mò ń bọ̀ lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo fi ọ̀bẹ gé eyín mẹ́ta àárín kúrò. Mo fi òkúta pọ́n ẹnu méjì tó kù títí wọ́n fi tín-ín-rín tó. Igi líle ni, kò ní kán, kò sì ní ha idẹ. Mo fọ rọ́bà roboto tí mo fi ń fa ikun nímú ọmọ, mo sá a gbẹ. Òun ló máa fẹ́ eruku kúrò. Mo ra sípírítì ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn. Mo mú ìgò tìróò mi, nítorí Baba aláago ní kí n sàmì sí gbogbo ohun tí mo bá tú, kó lè padà síbi tó ti jáde. Ó ní èyí tó bá jáde kẹ́yìn ni yóò kọ́kọ́ wọlé. Ẹlòmíràn á kọ ọ́ sínú ìwé. Èmi tí mi ò mọ̀wé, mo gbé ọpọ́n ayò baba ọkọ mi. Ó ní ojú méjìlá. Ọ̀tún ni wọ́n ń ta ayò sí, ọ̀tún náà ni mo ń to súkúrù sí: èyí tó kọ́kọ́ jáde wọ ojú kìíní, èyí tó tẹ̀lé e wọ ojú kejì. Ó dùn mọ́ mi. Ó jọ pé mò ń jẹ ẹnìkan.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo ṣe é, lábẹ́ igi máńgòrò, lẹ́yìn ilé. Ojú mẹ́fà ti kún nígbà tí baba ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mọ́sáláàsí, tí òun náà wà nínú àwọn méje, dé, wọ́n ń wá ọpọ́n. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti na ọwọ́ sí ojú kẹta kó kó o.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ má ta á."

Baba ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ìyàwó mi, ta ló gbin irin sínú ayò mi?"

Ibẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, mo jẹ́wọ́. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Omi ọmú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ta ló ní kí o kán an?"

Mo wo ilẹ̀.

Wọ́n ní, "Àbájọ tí ara ẹ̀gbọ́n wọn ò fi yá ní Ẹdẹ."

Ọ̀rẹ́ wọn ní, "Má bá ọmọ wí. Kámẹ́rà tó bá ti mu ọmú ìyàwó rẹ, ọmọ-ọmọ rẹ ló dà. Lọ wá orúkọ fún un."

Mo rò pé wọ́n máa bínú, nítorí fọ́tò Mẹ́kà wọn ló wà ńbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kí n fi aṣọ tí mo fẹ́ fi nu dígí hàn wọ́n. Wọ́n fi àtàǹpàkò yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní yóò ha á. Wọ́n wọlé, wọ́n gé etí láwàní àtijọ́ kan wá. Ọdún pípẹ́ tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ ti sọ ọ́ di ohun rírọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Àwọn méjèèjì wá gbẹ́ ihò méjìlá sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n wá èkùrọ́, wọ́n ń ta ayò tiwọn lọ níwájú mi.

Òrùka yẹn kọ̀ láti yí. Mo kán kẹrosíìnì sí i, mo lọ dáná. Mo padà, mo fi eyín òòyà méjèèjì sínú ihò, mo tẹ̀ ẹ́, mo yí i sí òsì. Ó ké tín-ín, ó gbà. Mi ò lè sọ bí ó ṣe rí lára mi. Dígí jáde, ohun funfun sì wà lẹ́yìn rẹ̀ bí awọ orí ògì tó tutù. Bí mo ṣe fi sípírítì nù ún kúrò, mo rí i pé nǹkan mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, ó rí bí òwú aláǹtakùn, ó ti etí dígí wá sí àárín. Dígí ti bu tipẹ́tipẹ́, bí búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀. Ìpin tí ọkọ mi ń sọ nìyẹn. Mo nù ún, mo tún nù ún, ó lọ. Mo fi tìróò kọ ilà kan sára òrùka iwájú, ilà méjì sára ti ẹ̀yìn, bí ìgbà tí wọ́n kọlà fún ọmọ. Ní ọjọ́ kejì mo to gbogbo rẹ̀ padà láti ojú ayò tó kẹ́yìn. Súkúrù kankan ò ṣẹ́ kù. Mo wò ó sójú oòrùn, ó mọ́ bí omi.

Ó ku kí a dán an wò. Mo gbé e sára kámẹ́rà. Mo ní kí ọ̀rẹ́ baba ọkọ mi jókòó síwájú. Mo bẹ ìyálé mi pé kó má bínú, mo wọ abẹ́ aṣọ dúdú fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, mo wo dígí ńlá tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà, níbi tí àwòrán ti máa ń hàn.

Baba náà dorí kodò.

Mo jáde, mo wò ó. Ó jókòó sórí àga bí ọmọlúàbí. Mo tún wọlé, orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀, àga wà lókè. Baba ọkọ mi ní kí n jẹ́ káwọn náà wò. Wọ́n pẹ́ lábẹ́ aṣọ.

Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi, kí lo ń fi orí ṣe nílẹ̀ẹ́lẹ̀?"

"Mo jókòó jẹ́jẹ́ mi."

"O ò jókòó."

Mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Mo sàmì sí òrùka, mi ò sàmì sí ojú dígí. Mo ti dorí dígí kodò. Mo tú gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo yí dígí iwájú padà, mo dè é. Baba náà ṣì dorí kodò, ó wá tún ṣú. Mo tú u, mo dá a padà sí bó ṣe wà. Ó mọ́ kedere, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ lókè, orí nísàlẹ̀. Ọjọ́bọ̀ mọ́ mi sórí rẹ̀. Ìgbà kẹrin tí mo tú u, ẹnu òòyà ti ń jẹ.

Baba ọkọ mi ń gbìyànjú láti tù mí nínú. Wọ́n ní, "Kò burú. Bí mo bá dé Mẹ́kà, màá fi orí rìn wọlé. Wọ́n á mọ̀ pé èmi ni."

Ọkọ mi dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, eruku Ìpetu wà lórí rẹ̀. Mi ò jẹ́ kó jókòó. Mo kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sọ ti omi ọmú, mo sọ ti òòyà, mo wá ní, "Mo ti tún un ṣe, ó mọ́. Ṣùgbọ́n mo ti dorí gbogbo èèyàn kodò."

Ó ní kí bàbá òun jókòó síwájú, ó wọ abẹ́ aṣọ dúdú. Ó pẹ́ débi tí mo bẹ̀rẹ̀ sí ro ibi tí màá gbà dé Iléṣà. Nígbà tó jáde, omi wà lójú rẹ̀. Ẹ̀rín ni.

Ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tí mo yà tí kò fi orí dúró. Inú páálí fọ́tò la ti ń dá wọn dìde."

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Bí o bá mọ̀, ṣé o máa lè dákẹ́ níwájú àwọn oníbàárà mi?"

Mo ronú sí i. Mi ò ní lè dákẹ́.

Ó tún padà wọ abẹ́ aṣọ. Láti ibẹ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀, bí ẹni ń sọ fún ara rẹ̀. Ó ní òun rí irùngbọ̀n bàbá òun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun ò rí i bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí òun ti ra ẹ̀rọ náà, pé bóyá ìpin yẹn ti wà níbẹ̀ kó tó di tòun.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ àwọn baba méje dé pẹ̀lú láwàní tuntun. Ọkọ mi yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ní kí n máa yọjú wo bóyá ó mọ́. Mo bu ètè jẹ kí n má baà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ baba ọkọ mi bi mí pé báwo lòun ṣe rí lónìí. Mo ní, "Ẹ ṣì wà nísàlẹ̀, Bàbá, ṣùgbọ́n ara yín le." Nígbà tí fọ́tò jáde, gbogbo wọn jókòó gidi, ojú wọn mọ́, èèyàn lè ka ilà ojú wọn láti ẹnu ọ̀nà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu oúnjẹ mi ni ọkọ mi gbé kámẹ́rà kékeré síwájú mi, ó kó irin mẹ́ta mi tì í.

Ó ní, "Eruku Ìpetu ti wọ inú èyí. Wò ó bóyá o lè tú u."

Mo ní kó jẹ́ kí n jẹun ná. Ó ní kí n máa yan irin tó máa bá súkúrù rẹ̀ mu, òun á máa gbé òkèlè sí mi lẹ́nu. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, títí àwo fi ṣófo.